Van Vivaro 2010 mi já nínú MOT nítorí èéfín. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Adùnkẹ́ Olóúnjẹ (Gillingham)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Vauxhall Vivaro 2.0 ni, dísù ló ń mu, ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni mo fi ń kó kúlà, ìkòkò ńlá àti tábìlì lọ sóde àríyá, torí iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń ṣe. Mo gbé e lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ti Ìlú Ọba níbí, láàárọ̀ yìí. Bíréèkì dára, táyà dára, iná ń tàn, àfi ìgbà tí wọ́n ki ọ̀pá ẹ̀rọ wọn bọ ẹnu sàléńsà. Bí wọ́n ṣe tẹ ẹ́ báyìí, èéfín dúdú bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ 2.87 sínú ìwé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju 1.5 lọ.

Ọkùnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní DPF, ìyẹn fíltà tó ń há èédú inú èéfín dísù, ló kú, pé kí n wá £1,400 sílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní irọ́ ni, catalyst (èyí tó ń dín oró inú èéfín kù) ni kí n pààrọ̀. MOT tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó parí, mo sì ní òde ìyàwó ní Dartford lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé mo lè gbé e jáde? Ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n tà á? Owó tí wọ́n dá lé mi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí mo ra ọkọ̀ ọ̀hún.

Ọmọ Ìgbẹ́tì (Luton)
Àǹtí, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú táǹkì wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ẹ dà á sí i, kẹ́ ẹ bọ́ sórí M2, ẹ fi jíà kẹta tàbí ìkẹrin tẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá wọn ní gbígbóná. Ó ti ṣiṣẹ́ fún mi rí.

Tọ́lá Leeds
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà pẹ̀lú Toyota Previa tí a fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. CO (gáàsì olóró inú èéfín) ló ga jù nínú tèmi, lambda (òdiwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo) náà sì yọ kúrò láàárín 0.97 sí 1.03 tí wọ́n ń fẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń pariwo catalyst. Mẹkáníìkì àgbà kan ló ní ká kọ́kọ́ wo sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà lára páìpù sàléńsà, òun ló sì kú lóòótọ́. Ẹ ní kí wọ́n wo ìyẹn kẹ́ ẹ tó ra catalyst. Ẹ sì wò ó bóyá sàléńsà ti lu, torí bí afẹ́fẹ́ ìta bá ń gba ojú ihò wọlé, nọ́ńbà lambda á ga sókè láìnídìí.

Fẹ́mi Nọ́súlù (Manchester)
Ẹ̀gbọ́n Tọ́lá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ pẹtiróòlù nìyẹn. Wọn kì í wọn CO àti lambda lára dísù nínú MOT. Èéfín nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rọ yẹn máa ń tan ìmọ́lẹ̀ gba àárín èéfín kọjá, ó wá ń wo bí èéfín ṣe dí ìmọ́lẹ̀ yẹn tó. Òun ni 2.87 tí wọ́n kọ fún àǹtí wa. Ọkọ̀ dísù tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) tó jáde ṣáájú 1 oṣù keje 2008, 3.0 ni wọ́n fún un. Láti ọjọ́ yẹn síwájú, 1.5. Èyí tó jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ 2014, 0.7. Bí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá sì ti kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sára pátákó kékeré tó wà lára ọkọ̀, olùyẹ̀wò máa wo ìyẹn náà. Nítorí náà, àǹtí, ẹ bá mi kí àbúrò ọkọ yín, kí ó fi catalyst sílẹ̀ ná.

Èéfín dúdú lára dísù túmọ̀ sí pé epo tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. (Bó bá jẹ́ búlúù ni, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá jẹ́ funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ni tàbí dísù tí kò jó.) Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, nítorí náà ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ̀.

Ẹ ṣí fíltà afẹ́fẹ́ wò. Ẹ máa yà sí iye èèyàn tó ń gbé ọkọ̀ lọ fún MOT pẹ̀lú fíltà tí wọn ò pààrọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwọn páìpù rọ́bà ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara tọ́bò lọ sí intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù), àti èyí tó ń gbé e padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ya, tọ́bò á máa fọn afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́súlù ò sì mọ̀, epo ni òun á máa tú sílẹ̀. Ọkọ̀ á máa ṣe bí ẹni tó rẹ̀ tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ sì máa gbọ́ ohùn kan báyìí, fííììì, bí ẹ bá tẹ ẹ́. Kí ẹ́ńjìnnì tutù tán, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ pa abẹ́ rọ́bà náà, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíìpù àti níbi tó ti tẹ̀. Òkè ẹ̀ lè mọ́ rekete kí abẹ́ ẹ̀ ti ya. Bí ọwọ́ yín bá jáde pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú tó ń yọ̀, ẹ ti rí i.

Ó wá ku EGR, ìyẹn fáàfù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá há sí ìṣísílẹ̀, èéfín ni ẹ́ńjìnnì á máa fà símú dípò afẹ́fẹ́ tútù. Mo ti tú ti Vivaro kan rí tí èédú inú ẹ̀ dì bí ìdí ìkòkò jọ́lọ́ọ̀fù tó jóná, a fi ṣíbí hó o ni. Wọ́n lè fọ̀ ọ́, kì í ṣe dandan kí wọ́n ra tuntun. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi irin pẹlẹbẹ dí i pa, torí bí olùyẹ̀wò bá rí i pé wọ́n ti yọ ọ́ tàbí pé wọ́n ti yí i padà, ìjákulẹ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí la tó ń sọ̀rọ̀ nọ́súlù àti tọ́bò fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló sọ pé van yín ní DPF? Kì í ṣe gbogbo van dísù ọdún yẹn ló ní in. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀: ó máa ń jẹ́ agolo irin tó wú ju páìpù lọ, tí òpó tín-ín-rín méjì ti ara rẹ̀ jáde lọ sí sẹ́ńsọ̀ kan.

Bàbá Ìbejì (Ìkòròdú)
Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, ẹ fẹ́ràn wàhálà! Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí catalyst bá ti dí, a ó gé e dànù, a ó jó páìpù lásán mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn tó ń rà á pàápàá ń rìn kiri àdúgbò, wọ́n á tún fún yín lówó lé e lórí. Dísù náà kò yàtọ̀. Ẹ gé e.

Bímpé B'ham
Bàbá, ẹ kú ilé o, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Níbí, bí ọkọ̀ bá ti iléeṣẹ́ jáde pẹ̀lú DPF, olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wò ó pé ó ṣì wà níbẹ̀. Láti oṣù kejì 2014 ni òfin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí níbẹ̀? Ó já. Bí wọ́n bá sì mú yín lójú pópó, owó ìtanràn lè tó £1,000 fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, ti van lè tó £2,500. Bí ọkọ̀ tó ní DPF bá tún ń yọ èéfín tí ojú lásán lè rí, ó ti já nìyẹn, kò tún di ọ̀rọ̀ nọ́ńbà.

Àǹtí Adùnkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ Dartford: ẹ wo ìwé tí wọ́n fún yín. Bí wọ́n bá kọ «dangerous» sí ibì kankan, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Bó bá jẹ́ «major» ni, tí MOT àtijọ́ sì ṣì wà láyè, ẹ lè gbé e. Ọjọ́ tí ti àtijọ́ bá parí, ọ̀nà ibi àtúnṣe tàbí ibi MOT tí ẹ ti bá ṣàdéhùn nìkan ló kù fún yín.

Fẹ́mi Nọ́súlù (Manchester)
Mo fẹ́ fi gbólóhùn kan kún ti Bímpé. MOT àtijọ́ tó ṣì wà láyè kò sọ ọkọ̀ tó ń yọ èéfín di ọkọ̀ tó dára. Ọlọ́pàá ṣì lè dá a dúró, kó sì bu owó ìtanràn lé e. Bí mo bá jẹ́ yín ni, màá háyà van fún Sátidé yẹn. Ẹ kò fẹ́ kí wọ́n dá yín dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú oúnjẹ èèyàn igba.

Adùnkẹ́ Olóúnjẹ (Gillingham)
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. «Major» ni wọ́n kọ. Ọmọ mi ọkùnrin ti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀. Páìpù gbọọrọ ló wà níbẹ̀, kò sí agolo tó ní òpó méjì. Mo pe àwọn tó ń ta Vauxhall, mo ka nọ́ńbà inú férémù ọkọ̀ fún wọn, wọ́n ní láti ilé iṣẹ́ ló ti jáde láìní DPF.

Ọ̀gá Fẹ́mi, ẹ bá mi wo eléyìí náà: láti bí oṣù díẹ̀ ni òkè Chatham Hill ti ń da ọkọ̀ yìí láàmú. Mo rò pé ẹrù ló pọ̀. Ohùn fííì yẹn, mo máa ń gbọ́ ọ, mo ṣáà ń rò pé fèrèsé ni kò dé dáadáa.

Tọ́lá Leeds
Ẹ wò ó! Wọ́n fẹ́ gba £1,400 lórí ohun tí kò sí lára ọkọ̀. Mà, ẹ pẹjọ́. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní VT17, DVSA (àjọ ìjọba tó ń bójú tó MOT) lẹ máa fi ránṣẹ́ sí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14, wọ́n á tún ọkọ̀ yẹ̀ wò fúnra wọn. Ẹ má tún ohunkóhun ṣe lára ọkọ̀ títí wọ́n á fi dé o.

Fẹ́mi Nọ́súlù (Manchester)
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹjọ́ kankan. Ohun tí DVSA máa yẹ̀ wò ni bóyá ó tọ́ kí ọkọ̀ já, ó sì tọ́. Èéfín wà, nọ́ńbà kọjá 1.5. Ẹ tún máa kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò lódindi fún wọn, bí wọ́n bá dá ẹjọ́ náà fún yín nìkan lẹ máa rí i gbà padà. Ibi tí ọkùnrin yẹn ti kù káàtó ni orúkọ àìsàn tó pè. Ìyẹn kò sí nínú MOT. Iṣẹ́ olùyẹ̀wò ni láti wọn èéfín, kì í ṣe láti sọ ohun tó fà á.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kó ti ta á lólobó. DPF tó dí kì í yọ èéfín dúdú. Ńṣe ló ń há èédú mọ́nú, tí ọkọ̀ á wá máa rọ, tí iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí tó fọ́ nínú tàbí tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ dànù ló ń jẹ́ kí èéfín jáde. Ẹni tó bá wo èéfín dúdú tó sọ pé «DPF ti dí», ẹ má gbé ọkọ̀ fún un.

Fún ìgbà mìíràn, ẹ wá ibi MOT ti kánsù bó bá wà nítòsí yín. Wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀, wọn kì í ṣàtúnṣe fún ará ìta, nítorí náà wọn kò ní ohun kan láti tà fún yín.

Ọmọ Ìgbẹ́tì (Luton)
Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ sá a lórí motorway kẹ́ ẹ tó padà lọ. Kí ni yóò gbà yín?

Bímpé B'ham
Ẹ́ńjìnnì lè gbà á, Ọmọ Ìgbẹ́tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti NV200 ọkọ mi, tó ní DPF ní tirẹ̀. Iṣẹ́ fífi nǹkan jíṣẹ́ ládùúgbò ló ń fi í ṣe: rìn díẹ̀, pa á, tún un tan. DPF níláti gbóná tó nǹkan bí 600°C kó tó lè sun èédú inú rẹ̀ di eérú, ẹ́ńjìnnì sì ń tú dísù kún un láti mú un gbóná. Bí wọ́n bá ń pa ọkọ̀ lágbede méjì, dísù yẹn á rọra máa ṣàn sínú ọ́ìlì. Iná ti tàn, ẹnì kan ní kó lọ sá a lórí M6. Orí ló yọ ọ́ tó kọ́kọ́ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde: ọ́ìlì ti ga kọjá àmì òkè, ó ń rùn dísù gbì. Mẹkáníìkì sọ fún wa pé ọkọ̀ tó bá wà báyìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ́ìlì ara rẹ̀, kó máa ké láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ kò sì ní kú. Ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì wò kẹ́ ẹ tó sá ọkọ̀ kankan.

Ọmọ Ìgbẹ́tì (Luton)
Èyí yé mi. Ọ̀pá ọ́ìlì kọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò ní DPF, àbí?

Fẹ́mi Nọ́súlù (Manchester)
Kò ní, nítorí náà sísá á lẹ́yìn àtúnṣe kò burú, ó máa gbá èédú tó ti lẹ̀ mọ́ inú sàléńsà jáde. Ṣáájú àtúnṣe ni kò wúlò: pẹ̀lú rọ́bà tó ti ya, èédú púpọ̀ sí i lẹ máa kó jọ. Ọjọ́ àyẹ̀wò, kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ẹ má gbé e débẹ̀ ní aago mẹ́jọ kó lọ dúró sí ìta di ọ̀sán. Kí ọ́ìlì àti omi pé, torí olùyẹ̀wò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ láti tẹ ẹ́ńjìnnì tó bá rí i pé ó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ òun.

Kọ́lá Thamesmead
Ẹ̀yin ń tún ọkọ̀ tó ti kú ṣe. Dísù 2010 kò bá ULEZ mu, ìyẹn òfin London tó ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀. Láti 29 oṣù kẹjọ 2023 ni ó ti kárí gbogbo ẹkùn London, £12.50 lójúmọ́. Bí ẹ tilẹ̀ páàsì MOT, kámẹ́rà á ṣì mú yín. Ẹ tà á, kẹ́ ẹ ra Euro 6, dísù tó bá òfin yẹn mu.

Adùnkẹ́ Olóúnjẹ (Gillingham)
Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, Medway ni mò ń gbé. Chatham, Maidstone, Gravesend, Dartford ni òde tí mò ń lọ jù, ULEZ kò dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí sí Peckham, mo máa ń fi £12.50 yẹn kún owó tí mò ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó pè mí, àwọn náà sì mọ̀. Níbo ni màá ti rí owó Euro 6 báyìí?

Bímpé B'ham
Ọ̀tọ̀ ni MOT, ọ̀tọ̀ ni ULEZ. Ọkọ̀ lè páàsì ọ̀kan kó má bá èkejì mu. Birmingham níbí ní tiwa, £8 lójúmọ́ ni van tí kò bá a mu ń san láàárín ìlú. Ẹni tí kì í wọ ibẹ̀ kò ní ìdí láti sanwó rẹ̀.

Kọ́lá Thamesmead
Mo gbà. Ti London ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé títí ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kẹta lẹ ní láti fi san £12.50 yẹn, lẹ́yìn ìyẹn ìtanràn £180 ló dé, ìdajì rẹ̀ bí ẹ bá tètè san án.

Adùnkẹ́ Olóúnjẹ (Gillingham)
Mo ti rí mẹkáníìkì o, ọmọ Iléṣà kan ní Rainham. Kò tíì sìkáànì ohunkóhun tó fi ní kí n tẹ ọkọ̀, òun sì fi ọwọ́ kan rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ó ní kí n wá fọwọ́ kàn án. Ìyà rẹ̀ gùn tó ìka mi, ní abẹ́, níbi tí rọ́bà ti ń ha ara irin. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pa ẹnu dé, a kò lè rí nǹkan kan. Bí a bá tẹ ẹ́ báyìí, á yanu, á sì fẹ́ atẹ́gùn sí èèyàn lọ́wọ́. Ó pààrọ̀ rọ́bà àti kílíìpù rẹ̀ méjèèjì, ó pààrọ̀ fíltà (dúdú ni, ewé gbígbẹ wà nínú rẹ̀), ó sì fọ EGR. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó DPF tí wọ́n fẹ́ tà fún mi. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lánàá: 0.84.

Tọ́lá Leeds
Olúwa ṣeun! Ṣé wọ́n tún gba odindi owó MOT, £54.85, lọ́wọ́ yín?

Bímpé B'ham
Kò yẹ kí wọ́n gbà á. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ kúrò, tí ẹ dá a padà síbi kan náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, ohun tó já nìkan ni wọ́n máa tún wò, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ fi í sílẹ̀ fún àtúnṣe, ọ̀fẹ́ ni.

Adùnkẹ́ Olóúnjẹ (Gillingham)
Ìdajì ni wọ́n gbà. Ọkùnrin yẹn kò sọ nǹkan kan nípa DPF mọ́, èmi náà kò sì bi í.

Fẹ́mi Nọ́súlù (Manchester)
Ẹ kú oríire. Ẹ ní kí ọmọ Iléṣà wá ọ̀nà tí rọ́bà tuntun kò fi ní máa ha ara irin yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó tún pàdé níbí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kó tún kílíìpù fún mọ́lẹ̀, torí rọ́bà tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ bó bá ti gbóná. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ lè lọ fún MOT láti bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tó máa parí, ọjọ́ tiyín kò ní yí padà, ẹ ó sì ní àyè láti wá mẹkáníìkì tó wù yín bó bá já.